Gẹ̀ẹ́sì Orí Ebè

Ebè iṣu tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wú ní òórùn tirẹ̀. Ó tutù bí inú ìkòkò omi tuntun, ó sì ní oje díẹ̀ nínú, oje ọrùn iṣu tí ọ̀bẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Òórùn yẹn ló kún imú mi ní àárọ̀ ọjọ́ tí ìyá mi kọ́kọ́ fún mi lọ́bẹ, tó ní kí n kúnlẹ̀ ti ebè kan ní oko wa lẹ́bàá ọ̀nà Bàsílà, kí n fọwọ́ ara mi gé iṣu. Ìrì ṣì wà lára ewé. Mo tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ìyá mi dúró lé mi lórí, ó ń wo ojú ọ̀bẹ náà.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà ní ìlú wa Mànígìrì mọ bí a ṣe ń ṣe é, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa tó wà létí òkun ń jẹ iyán lásán ni, wọn kò mọ̀. Iṣu tó kọ́kọ́ ń jáde lọ́dún, ẹ̀ẹ̀mejì là ń wà á. Nígbà tí òjò bá ṣì ń rọ̀, a óò fọwọ́ wú ebè lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a óò gé iṣu lọ́rùn, a óò fi orí rẹ̀ sílẹ̀ mọ́ ìtàkùn, a óò dá erùpẹ̀ padà, a óò rọra tẹ̀ ẹ́. Iṣu tí a gé, jíjẹ ni. Orí tí a fi sílẹ̀ yóò tún ta nínú ilẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé tí ìtàkùn gbẹ, a óò padà wá wa àwọn kéékèèké tó ta yẹn, àwọn sì ni èbù tí a óò gbìn fún ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá hú ebè tu lẹ́ẹ̀kan ti jẹ ọdún yìí, ó sì ti jẹ ọdún tó ń bọ̀ mọ́ ọn. Ìyá mi a máa wí pé, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Ó máa ń wí i nígbà iṣu, ó máa ń wí i bí mo bá ru omi, ó sì wí i lọ́jọ́ tí mo fẹ́ yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ara mi.

Bàbá mi ti kú lọ́dún kan ṣáájú. Àbúrò rẹ̀ ń dúró kó ṣú ìyá mi lópó gẹ́gẹ́ bí àṣà. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ní ìyàwó méjì àti ọkọ́ kan, àwọn ìyàwó méjèèjì ló sì ń lo ọkọ́ náà. Ìyá mi wí níwájú àwọn àgbà ilé pé òun kò kọ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n jẹ́ kí òun fọwọ́ ara òun bọ́ ọmọ òun ná; ọdún tí òun kò bá ní èbù tí òun yóò gbìn, lọ́dún náà ni òun yóò kó ẹrù òun wá. Àwọn àgbà gbà bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà ni àbúrò bàbá mi ti fẹ́ràn láti máa gba ẹ̀gbẹ́ oko wa kọjá, a sì máa kí wa pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Èbù ńkọ́?"

Ìyá mi a dáhùn pé, "Èbù wà."

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni Bàbá Gẹ̀ẹ́sì. Òjó ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó bá àwọn oníṣòwò obì lọ sí Èkó, ó sì padà wálé pẹ̀lú fìlà pupa kan àti Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo Mànígìrì, kò sẹ́lòmíràn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá ń sọmọ lórúkọ, wọ́n á ní kó dìde, á sọ ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì, àwọn èèyàn á kígbe "Háà!" Ó ní ìjókòó tirẹ̀ lọ́dọ̀ baálẹ̀. Àwọn àgbà a máa wí pé, "Ọjọ́ tí òyìbó bá dé, àwa lẹ́nu."

Gẹ̀ẹ́sì náà ní àṣírí, èmi nìkan ni Bàbá Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ fún, iṣu sísun ló sì fà á. Gbogbo ọjọ́ ọjà Bàsílà ni ìyá mi ń lọ ta òrí, a sì máa fi iṣu sísun sílẹ̀ fún mi pé kí n gbé e fún ẹ̀gbọ́n òun. Mo ní kí Bàbá Gẹ̀ẹ́sì kọ́ mi. Ó jẹ iṣu náà tán kó tó fèsì. Ó ní kí n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, mo ní n kò ní sọ.

Iṣẹ́ ilẹ̀ gbígbá ló ṣe ní Èkó, ní àgbàlá ilé ìwé kan. Olùkọ́ ibẹ̀ kì í kọ́ni lọ́rọ̀ bó ṣe ń wá sí i lẹ́nu. Ní agbo agbo ló ń kó wọn: ọ̀sẹ̀ kan fún ohun ilé ìdáná, ọ̀sẹ̀ kan fún ẹranko, ọ̀sẹ̀ kan fún ẹ̀yà ara. Nígbà ilé ìdáná, Bàbá Gẹ̀ẹ́sì kò tíì dé Èkó. Nígbà ẹranko àti ẹ̀yà ara, sòbìà mú un lẹ́sẹ̀, ó wà ní ìdùbúlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí ara rẹ̀ yá tó ń gbálẹ̀ lábẹ́ fèrèsé, ohun tí wọ́n ń kọ́ ni orúkọ àwọn nǹkan tí kì í ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn nǹkan tó ń wá lápá lápá. Ó há gbogbo rẹ̀ sórí. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn oníṣòwò obì ń padà sílé, ó sì bá wọn lọ. Báyìí ni kò ṣe mọ omi lédè Gẹ̀ẹ́sì. Kò mọ oúnjẹ, kò mọ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn káàárọ̀. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ń ṣẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ní orúkọ fún un.

Ó ní, "Mẹ́wàá ni. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni n óò máa fún ọ."

Iṣu sísun kan, ọ̀rọ̀ kan. Páàtì ló fi bẹ̀rẹ̀: ó bu iṣu náà sí méjì, ó mú èyí tó tóbi. Ó ní sítéèjì ni ibi odò tí àwọn tó ń lọ sí Bàsílà ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ kí wọ́n tó tún gbé e. Ráúǹdì ni àáró, tó jẹ́ pé òní oko wa, ọ̀la oko yín. Fésì, ó nawọ́ sí òṣùpá tó kù lójú ọ̀run láàárọ̀, èyí tó ń dín lálaalẹ́. Ṣápítà gbà wá ní ọjọ́ ọjà méjì nítorí pé òun fúnra rẹ̀ kò tíì rí inú ìwé rí. Níkẹyìn ó ní ibi tí òǹkàwé ti ń mí ni. Ìnsítọ́mẹ́ǹtì ni iṣu tí ọkọ àfẹ́sọ́nà ń gbé fún àna rẹ̀ lọ́dọọdún. Èyí gùn púpọ̀, mo fi ń gún ọkà, odó a sì máa bá mi pín in. Ó ní ìgbà tí àbúrò bàbá mi jìn sínú kànga, épísóòdù nìyẹn, ìgbà tí wọ́n fà á yọ, épísóòdù mìíràn. Bó bá tún wá jìn sínú rẹ̀, ó di síríìsì. Ìkẹsàn-án ni píìsìmíìlì. Ó ní díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, ọ̀nà tí imú náà gbà wọlé ni píìsìmíìlì.

Mo béèrè ìkẹwàá. Ó nu ẹnu, ó ní, "Ìkẹwàá wúwo. Ó dìgbà tí a bá wa iṣu lẹ́ẹ̀kejì."

Ẹnu mi kò ṣe é fi nǹkan pa mọ́ sí, kò sì tíì ṣe é fi pa mọ́ sí títí di òní. Lọ́jọ́ kan tí ìyá mi ń lọ ata, ó ń yin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún ara rẹ̀, pé bó ti wù kó rí, ìdílé àwọn ní onímọ̀. Mo fẹ́ kó mọ̀ pé mo mọ̀ ju òun lọ. Mo ní, "Bàbá Gẹ̀ẹ́sì ò mọ omi." Ọmọ ọlọ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bi mí, mo sì sọ gbogbo rẹ̀: ilẹ̀ gbígbá, sòbìà, fèrèsé, ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tó jẹ́ ti agbo kan. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ata. Nígbà tó yá, ó ní, "Irọ́ lè rìn fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a." Kò yin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́. Iṣu sísun kò dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n èyí tó kéré ló ń fi ránṣẹ́. Ìtìjú bá mi gan-an, mo sì mọ̀ pé èmi ni mo ba ọkùnrin náà jẹ́ lójú àbúrò rẹ̀.

Kò tó ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn àárọ̀ tí mo gé iṣu àkọ́kọ́ mi, òyìbó dé. Láti ọ̀nà Pénésúlù ni wọ́n ti yọ, òun nínú àsokọ́ aṣọ tí ọkùnrin mẹ́rin ń fi ọ̀pá rù, ibà sì ń ṣe é, ojú rẹ̀ pupa bí ata. Àwọn aláàárù tó tẹ̀ lé e tó ọgbọ̀n. Ebi ń pa wọ́n, oko wa ló sì súnmọ́ ọ̀nà jù. Wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n fa àdá yọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í hú ebè.

N kò ní purọ́ mọ́ wọn, olè kọ́ ni wọ́n. Òyìbó ní kí wọ́n bu iyọ̀ sórí awọ kan ní etí oko fún wa. Ṣùgbọ́n ará ilẹ̀ àgbàdo ni wọ́n, wọn kò mọ iṣu. Wọ́n ń fa ìtàkùn, wọ́n ń tú ebè ká, wọ́n ń yọ iṣu pẹ̀lú orí rẹ̀. Ìyá mi sáré wọ àárín wọn, ó ń pariwo pé, "Ẹ gé e lọ́rùn! Ẹ forí sílẹ̀!" Èdè wa kò yé wọn. Wọ́n rò pé iyọ̀ ló kéré lójú rẹ̀, wọ́n sì nawọ́ sí iyọ̀ náà. Iyọ̀ kì í hù. Poro kan lọ bẹ́ẹ̀, poro kejì bẹ̀rẹ̀.

Mo ti ń wo ẹnu ìyá mi, pé á ní kí n sáré lọ pe ẹni tó lẹ́nu. Ó yà sí mi, ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Mo mọ ìdí rẹ̀. Ká ní n kò sọ ohun tí mo sọ nídìí ọlọ, ì bá ti rán mi láti ìgbà tí àdá àkọ́kọ́ ti jáde. Poro kejì ń tán lọ. Àbúrò bàbá mi ti dé etí oko nígbà náà, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń wò.  Lọ́jọ́ náà, kò béèrè èbù.

Ìyá mi rí i. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Kí sòbìà tó degbò, olúgàmbe là ń ké pè. Lọ pe ẹ̀gbọ́n mi. Bó bá jẹ́ mẹ́wàá náà ni, kó kó mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wá."

Mo sáré. Bí ó ti sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe jíṣẹ́. Bàbá Gẹ̀ẹ́sì jókòó níwájú ilé, ó ń họ igi ọkọ́. Nígbà tó gbọ́ "mẹ́wẹ̀ẹ̀wá", ó gbójú sókè, ó wò mí pẹ́. Ó ní, "Ìyá rẹ mọ̀." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti ń retí ìfọ́tí. Ó wọlé, ó dé fìlà pupa rẹ̀, ó ní, "Ó dáa. Jẹ́ ká lọ."

Nígbà tí a ó fi dé oko, baálẹ̀ àti ìdajì ìlú ti péjọ, inú wọn dùn, torí pé ọjọ́ tí wọ́n ti ń retí dé. Wọ́n yà fún un. Ó gun orí ebè kan. Èmi àti ìyá mi nìkan la mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mẹ́wàá péré ló wà lẹ́nu rẹ̀. Ó tẹ̀, ó wú ebè lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gé iṣu lọ́rùn, ó dá erùpẹ̀ padà, ó dìde, ó kọjú sí òyìbó, ó ní:

"Páàtì."

Òyìbó la ojú sí i. Ó sọ nǹkan kan fún ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọmọ náà bu iyọ̀ kún iyọ̀. Àwọn èèyàn wa ní, "Háà!"

Bàbá Gẹ̀ẹ́sì ní, "Sítéèjì." Ó nawọ́ sí orí iṣu nínú ilẹ̀, ó nawọ́ sí oòrùn, ó fi ọwọ́ yí i lọ yí i bọ̀ láti ṣàfihàn ọjọ́ tó ń lọ, ó ní, "Sítéèjì," lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n tún bu iyọ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá sọ ni òyìbó ń fi iyọ̀ dáhùn. Ẹ má dá òyìbó náà lẹ́bi. Mo ti wá mọ̀ lónìí pé kì í ṣe ará Gẹ̀ẹ́sì rárá, Faransé ni tàbí Jámánì, n kò lè búra. Nígbà yẹn, kò sẹ́nikẹ́ni nínú wa tó gbọ́ pé òyìbó ju oríṣi kan lọ. Ó sọ ráúǹdì, ó sọ fésì, ó sọ ṣápítà. Àdá kò dúró. Ó gbé ohùn sókè, ó kígbe ìnsítọ́mẹ́ǹtì débi pé ẹyẹ fò lórí igi ẹmì. Òógùn ń ṣàn lábẹ́ fìlà rẹ̀. Épísóòdù. Síríìsì. Mo ń kà á lórí ìka, mo ń bẹ ìkẹwàá nínú ọkàn mi pé kó wá. Píìsìmíìlì.

 Ó la ẹnu. Ní ìgbà náà gan-an ni ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn wa.

Ọkùnrin gíga kan ni, ìkòkò tó rin wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń bọ̀ láti odò. Alásè òyìbó náà ni. Ó ní, "Ẹ dákun, ẹ má bínú. Odò ni mo wà tí mo gbọ́ ìnsítọ́mẹ́ǹtì, mo ṣebí olùkọ́ mi ló ti òkú dìde. Bàbá, kí lẹ fẹ́ sọ fún un?" Yorùbá ni ó ń sọ, Yorùbá ará Abẹ́òkúta, ó já gaara.

Bàbá Gẹ̀ẹ́sì sọ̀ kalẹ̀ lórí ebè. Ó súnmọ́ ọkùnrin náà, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo gbọ́. Ó ní, "Bá mi sọ fún un pé ẹ̀ẹ̀mejì là ń wà á. Kí wọ́n gbé ìdajì, kí wọ́n fi ìdajì sílẹ̀ fún opó."

Alásè bá òyìbó sọ̀rọ̀ ní èdè tiwọn, kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Òyìbó gbọ́wọ́ sókè, àdá dúró. Ìyá mi fúnra rẹ̀ ló wá kọ́ àwọn aláàárù náà, ebè kan lẹ́yìn èkejì, kí wọ́n wú u lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí wọ́n gé e lọ́rùn, kí wọ́n dá erùpẹ̀ padà. Ẹni tó bá kánjú, á gbá a lọ́wọ́. Wọ́n jẹ, wọ́n yó, wọ́n sì lọ. Poro méjì ló run. Gbogbo èyí tó kù ni orí rẹ̀ wà nínú ilẹ̀.

Kí wọ́n tó lọ, baálẹ̀ pe alásè náà, ó bi í níwájú gbogbo ìlú bóyá Gẹ̀ẹ́sì èèyàn wa dára.  Ọkùnrin náà wo Bàbá Gẹ̀ẹ́sì, ó wo fìlà, ó wo òógùn. Ó ní, "Bàbá, èmi náà tó kàwé ní Èkó, n kò gbọ́ irú Gẹ̀ẹ́sì báyìí rí." Ariwo ayọ̀ sọ. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n sún ìjókòó rẹ̀ súnmọ́ ti baálẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá mi mú iṣu tó tóbi jù nínú èyí tó gé, ó sun ún fúnra rẹ̀, ó gbé e lọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fúnra rẹ̀.  Ó jókòó tì í, wọ́n jọ ń wo iṣu náà. Àbúrò bàbá mi kò gba ẹ̀gbẹ́ oko wa fún ìgbà díẹ̀. A jẹ iyọ̀ òyìbó títí ó fi sú wa.

Èmi ṣì ń gbé iṣu lọ lọ́jọ́ ọjà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò kọ́ mi ní nǹkan mọ́. Mo bá a jókòó, á máa sọ̀rọ̀ Èkó. Bí mo bá dárúkọ ìkẹwàá, á ní, "Ìgbà tí a bá wà á lẹ́ẹ̀kejì." Ọyẹ́ dé, ìtàkùn ń gbẹ. Ikọ́ mú un lọ́yẹ́ náà, ó sì kú nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí a wú ebè. Mo sunkún gidigidi. N kò ní tan yín: ara ẹkún náà jẹ́ ti ọ̀rọ̀ ìkẹwàá.

Nígbà tí a wa iṣu lẹ́ẹ̀kejì, èbù pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi fún àwọn ará ilé. Ìyá mi gbìn ín, ó tún gbìn ín lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kò sì kó ẹrù lọ sílé ẹnikẹ́ni títí tó fi darúgbó. Ní tèmi, mo bínú sí alásè tó gbà wá là yẹn fún ọdún púpọ̀. Lójú mi, ẹ̀rín rẹ̀ ló gba ìkẹwàá lẹ́nu Bàbá Gẹ̀ẹ́sì.

Oníṣòwò obì ni mo fẹ́, ó sì mú mi wá sí Èkó. Níbí ni mo ti di àgbà, níbí ni mo sì ti wọ kíláàsì àwọn ìyá tó ń kọ́ ìwé lọ́jọ́ Ìsinmi, pẹ̀lú ewú lórí. Ìwé tí wọ́n fún wa ti gbó, agbo agbo ni wọ́n sì to ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀. Mo kọ́ ilé ìdáná, mo kọ́ ẹranko, mo kọ́ ẹ̀yà ara. Lọ́jọ́ kan mo ṣí ojú ìwé kan, mo bá páàtì lókè.  Ṣápítà wà níbẹ̀, sítéèjì wà níbẹ̀, gbogbo wọn to gbọọrọ títí dé píìsìmíìlì nísàlẹ̀. Mo kà wọ́n. Mo tún wọn kà. Mo yọ awò ojú, mo nù ún, mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀kẹta.

Mẹ́sàn-án ni.

Mo jókòó ti ìwé náà títí àwọn yòókù fi lọ sílé. Ó gé mẹ́sàn-án fún mi, ó fi orí sílẹ̀ nínú ebè, kí n lè máa padà wá. Mo ti mọ omi ní Gẹ̀ẹ́sì báyìí, mo mọ oúnjẹ, mo mọ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn káàárọ̀. Ọmọbìnrin tí mo jẹ́ nígbà náà, tó ń gbé iṣu gbígbóná la àgbàlá kọjá, ní ọ̀rọ̀ mẹ́sàn-án péré, ó sì ń retí ọ̀kan. Èmi ní odindi ìwé, n kò retí nǹkan kan mọ́, mo sì ń jowú rẹ̀.